Ìwo Ẹ̀tù ní Òkè-Ògùn: Ohun Èlò Ọdẹ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

1. Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbọn ni ó sábà máa ń gba ẹnu wọn. Ìgbà wo ni ìbọn dé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti rà á, ìlú wo ni ó kọ́kọ́ ní i: ìwọ̀nyí ni ìbéèrè tí ó ti di mímọ̀ láàrin wọn. Ẹ̀tù tí ìbọn ń jẹ kì í rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀tù náà kiri kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àfiyèsí rárá. Lóòótọ́, àwọn àgbà sọ pé ìbọn tí ó ní àpátí àti èyí tí kò ní, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ìbọn náà mú ni ó mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá tán, ọ̀pá lásán ni ó kù sí òun lọ́wọ́.

Ìwo ẹran jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọdẹ àti jagunjagun fi ń gbé ẹ̀tù. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Ìgbòho àti Kíṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Ẹran oníwo pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti pọ̀ nínú igbó ńlá ìhà gúúsù lọ, ọdẹ sì jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìwo ẹ̀tù kì í ṣe ohun tí ó bá ìbọn wọ ìlú. Ilé tí oògùn ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀tù ìbọn sí, orúkọ tí oògùn ń jẹ́ ni wọ́n sì fi pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìwo bẹ́ẹ̀ lónìí tí ó pè é ní oògùn nìkan, tàbí tí ó pè é ní ohun ìjà nìkan, ti sọ ìdajì ìtàn náà nù.

2. Orúkọ ẹ̀tù àti ilé tí ó bá nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà ‘ẹ̀tù’ ní ìtumọ̀ méjì tí ó ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èkíní ni oògùn tí wọ́n jó. Wọn a kó egbò, èèpo igi, ewé tàbí egungun sínú ìkòkò, wọn a jó o títí yóò fi dúdú, wọn a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń fi epo lá, òun náà ni wọ́n sì ń fi ra ojú gbẹ́rẹ́ tí wọ́n bá sín. Èkejì ni ẹ̀tù ìbọn. Ẹni tí ó bá da àwọn méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ yóò rí ìdí tí orúkọ wọn fi di ọ̀kan: àwọn méjèèjì dúdú, àwọn méjèèjì kúnná, iná sì lọ́wọ́ nínú àwọn méjèèjì. Èédú, imí-ọjọ́ àti saltpetre ni wọ́n ń pò pọ̀ di ẹ̀tù ìbọn. Nínú ìdá 100, saltpetre máa ń kó nǹkan bí 75, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Imí-ọjọ́ yìí kan náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣègùn, nítorí wọ́n ń lò ó nínú oògùn.

Ẹnì kan lè jiyàn pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé láti ara ẹ̀tù ìbọn ni orúkọ náà ti lọ sí ara oògùn. Àríyànjiyàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Oògùn jíjó àti lílọ̀ ti wà kí ìbọn tó dé, iṣẹ́ tí ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìlórúkọ kí ó máa dúró de àlejò tí yóò fún un lórúkọ. Èdè àwọn aládùúgbò sì ti ìdí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní èdè Twi ti àwọn Aṣante, ‘atuduru’ ni ẹ̀tù ìbọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju oògùn ìbọn lọ. Àwọn Haúsá ní tiwọn gba orúkọ láti inú èdè Lárúbáwá, wọ́n ń pè é ní ‘albarushi’. Òkè-Ògùn wà lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò láti òkè ọya ń gbà, síbẹ̀ orúkọ àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kọ́ ni ó wọ èdè. Orúkọ tí ó wà nílé ni wọ́n lò.

Bí orúkọ ti rí ni ilé rí. Àdó, èyí tí í ṣe akèrègbè kékeré, àti ìwo ni oògùn lílọ̀ ń gbé. Inú ìwo ni àfọ̀ṣẹ sábà máa ń wà. Ìwo sì ní iyì mìíràn yàtọ̀ sí ti oògùn: ìwo ni wọ́n ń fọn láti pe ènìyàn jọ, ìwo ẹfọ̀n méjì sì wà lójúbọ Ọya, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń lù pọ̀ bí wọ́n bá ń pè é. Ohun tí ń gbé ohùn, tí ń gbé agbára, ni ìwo jẹ́ lójú àwọn ènìyàn kí ẹ̀tù ìbọn tó dé. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àlejò tí ó gbóná bí iná fi rí àyè níbẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù náà dé ní ọ̀rúndún ogún, ‘àdó olóró’ ni Yorùbá sọ ọ́. Ọgbọ́n kan náà ni: ohun tí ń pani láti ọ̀nà jíjìn, inú àdó ni èrò àwọn ènìyàn rán an lọ.

3. Bí ìwo ṣe ń di ilé ẹ̀tù

Ìwo màlúù, ti ẹfọ̀n àti ti ìgalà kì í ṣe egungun lódindi. Egungun wà nínú, ohun tí ó bò ó lóde sì jọ èékánná. Bí wọ́n bá rẹ ìwo sínú omi fún ọjọ́ pípẹ́, tàbí tí wọ́n sè é, tàbí tí wọ́n fi í sílẹ̀ kí inú rẹ̀ jẹrà, èyí tí ó wà lóde yóò yọ kúrò lára egungun, yóò sì ṣófo bí akèrègbè. Wọn a fá inú rẹ̀ mọ́, wọn a fi igi tí wọ́n gbẹ́ dí ìdí rẹ̀ tí ó fẹ̀, wọn a sì fi ìda oyin tàbí awọ dí gbogbo àlàfo. Ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ń gé tàbí lu, kí ẹ̀tù lè máa gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọn a sì wá ìdérí sí i. Okùn awọ ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká tàbí ìbàdí.

Àǹfààní ìwo fún iṣẹ́ yìí pọ̀. Omi kì í wọ inú rẹ̀, ọ̀tá ẹ̀tù sì ni omi. Ẹ̀tù tí ó bá fa ọ̀rinrin kì í gbaná dáadáa, ó lè já ọdẹ kulẹ̀ níwájú ẹfọ̀n tí ó ti rí i. Ìwo kì í ta iná bí irin bá kàn án. Ó fúyẹ́, kì í fọ́ bí ọdẹ bá ṣubú lé e lórí, níbi tí àdó yóò ti fọ́ yángá. Àdó ní tirẹ̀ rọrùn láti rí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní oko lè gbìn ín. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi jọ wà, tí èkíní kò fi lé èkejì lọ.

Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í da ẹ̀tù láti inú ìwo sínú ọ̀nà ìbọn tààrà. Bí iná kékeré bá ṣẹ́kù sínú ìbọn láti ìgbà tí ó yìn ín kẹ́yìn, iná náà yóò gba ojú ẹ̀tù padà sínú ìwo, ìwo yóò sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú ohun ìwọ̀n kékeré ni yóò kọ́kọ́ dà á sí, ìyẹn ìdérí ìwo fúnra rẹ̀, tàbí ìwo kékeré mìíràn, kí ó tó kì í sínú ìbọn. Láti ibi ohun ìwọ̀n yìí ni ọ̀rọ̀ ìwo ẹ̀tù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà tí ó di ọ̀rọ̀ ìtàn, nítorí ẹni tí ń wọn nǹkan ni ẹni tí ó mọ̀ pé ó lè tán.

4. Òkè-Ògùn ní ìparí ọ̀nà ẹ̀tù

Ó ju 200 kìlómítà lọ láti Ṣakí dé etíkun. Ní ayé Ọ̀yọ́-Ilé, jíjìn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára ní ti ogun, nítorí ẹṣin àti ọfà ni agbára Ọ̀yọ́ dúró lé. Nígbà tí Hugh Clapperton gba Ṣakí kọjá ní oṣù kìíní ọdún 1826 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé, ọrun àti ọfà ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun tí ó rí. Apó ọfà ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà náà, níbi tí ìwo ẹ̀tù yóò padà wà. Ọfà kì í tán bí ẹ̀tù ti ń tán: alágbẹ̀dẹ ìlú ni ó ń rọ irin rẹ̀, igi rẹ̀ sì wà ní ọ̀dàn.

Ní ìhà gúúsù, nǹkan ti ń yí padà. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé nínú ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n súnmọ́ etíkun ló kó ìbọn wá, nígbà tí agẹ̀dẹ̀ńgbé ni àwọn Òwu gbójú lé. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí Ìbàdàn, Ìjàyè àti Abẹ́òkúta dìde, ìbọn ṣakabùlà di ohun ìjà gbogbo ènìyàn. Àwọn kan rò pé ọwọ́ ẹni tí ó ní ìbọn ni agbára wà láti ìgbà náà lọ. Ọwọ́ ẹni tí ó ní ọ̀nà ẹ̀tù ni ó wà. Àwọn alágbẹ̀dẹ lè tún ìbọn tí ó bàjẹ́ ṣe, wọ́n sì lè rọ ọta. Ṣùgbọ́n láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀tù ti ń wá nínú àgbá onígi, ọ̀nà Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbé e gbà. Àwọn ìlú tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà wọ̀nyí ni ó ń pinnu iye àgbá tí yóò dé òkè.

Ogun Ìjàyè láti 1860 sí 1862 fi èyí hàn gbangba. Ìjàyè ń rí ẹ̀tù gbà láti Abẹ́òkúta, nítorí Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú pa ọ̀nà dé mọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Rẹ́mọ ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ìlú Òkè-Ògùn kò lọ́wọ́ sí èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, síbẹ̀ ogun náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwàwún, tí ó wà lẹ́yìn Ìjàyè, di ìlú tí Ìbàdàn parun. Ní 1877 ẹ̀wẹ̀, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn oníṣòwò gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ohun ìjà, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n di ọ̀nà Èkó mú. Àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà, ìjà tí ó tìdí èyí yọ sì di apá kan ogun tí kò parí títí di 1893. Ẹ̀tù ni wọ́n lọ rà, ẹ̀tù ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ jà.

Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyí, ìbẹ̀rù Dàhómì kò jẹ́ kí ìhà ìwọ̀-oòrùn Òkè-Ògùn sùn. Kétu ṣubú sọ́wọ́ Dàhómì ní 1886. Dàhómì ní ọ̀nà sí etíkun, ó sì ń ra ẹ̀tù bí ó ti fẹ́. Ìlú tí ó wà ní ìparí ọ̀nà ẹ̀tù ni ó ń dojú kọ ìlú tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

5. Ohun tí ìwo kan lè sọ

Ìṣirò kékeré kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ìwo tí ó gba nǹkan bí gíráàmù 300 ẹ̀tù kì í ṣe ìwo kékeré. Bí ìbọn kan bá ń jẹ gíráàmù 10 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìwo náà yóò tó fún ìbọn yínyìn ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọdẹ kì í yìnbọn títí yóò fi dá a lójú. Lójú ogun, ọgbọ̀n ìbọn kò lè tó ọ̀sán kan bí ìjà bá gbóná. Ọ̀nà ìjà tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith ṣàpèjúwe nínú ìwé wọn ti 1964 bá ìṣirò yìí mu: àwọn jagunjagun a sún síwájú, wọn a yìnbọn, wọn a padà sẹ́yìn láti kì í, àwọn mìíràn a sì bọ́ síwájú. Ogun bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ̀tù lọ́nà tí ìlú tí ó jìnnà sí etíkun kò lè fara dà fún ìgbà pípẹ́.

Ó yẹ kí èyí yí ojú padà tí àwọn òpìtàn fi ń wo ogun Òkè-Ògùn. Àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú agbègbè náà fi ṣe ààbò. Òkè Àṣàbàrí ni Ṣakí gbójú lé, orí òkè sì ni Òkèhò wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn kan ti ka èyí sí ìwà ìbẹ̀rù tàbí ìwà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwo ìbàdí rẹ̀ kò gbà ju ọgbọ̀n ìbọn lọ, tí kò sì mọ ọjọ́ tí òmíràn yóò dé, ìwà ọgbọ́n ni kí ó fi àpáta kún ohun ìjà rẹ̀. Òkúta kì í tán bí ẹ̀tù.

6. Òfin àwọn aláwọ̀ funfun àti ìgbà pípẹ́ ìwo

Ìbéèrè kan kù: kí ló dé tí ìwo ẹ̀tù fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn tí ìbọn ayé ti kúrò ní èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀tù kì láti ẹnu? Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels, tí ó fi òfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán. Ìbọn tí kò lè bá ti ọmọ ogun wọn dọ́gba ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ Birmingham àti Liège sì ń rọ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwo ẹ̀tù kò pẹ́ nílẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn Òkè-Ògùn kò mọ ohun tuntun. Òfin ni ó so wọ́n mọ́ ọn.

Àbájáde rẹ̀ hàn ní 1916, nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkèhò tí ó sì ràn dé Ìsẹ́yìn. Ìṣàkóso titun tí ìjọba gbé lé àwọn ènìyàn lórí, ilé ẹjọ́ rẹ̀ àti agbára tí ó fi kún ti Aláàfin, ni ó bí wọn nínú. Ìbọn ṣakabùlà kò lè dojú kọ ìbọn àwọn ọmọ ogun ìjọba. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, wọ́n mú àwọn ará Òkèhò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àpáta tí ó ti ń dí àìtó ẹ̀tù fún wọn ni ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn. Òfin ìbọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1959 tún ya ìbọn ṣakabùlà sọ́tọ̀ sí ìpele tirẹ̀, ọwọ́ àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ni ó sì wà jù.

7. Ibi tí ìwo lọ

Ìwo tí ó ṣẹ́kù kò pọ̀. Ìdí kan ti inú iṣẹ́ ọdẹ fúnra rẹ̀ wá. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà fún un, wọn a sì kó nínú ohun èlò rẹ̀ lọ sínú igbó, kí okùn tí ó wà láàrin òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè já. Ohun tí òpìtàn ìbá fi ṣe ẹ̀rí ni àṣà ti dá padà fún igbó, kò sì sí ẹni tí ó lè bá àwọn ọdẹ wí nítorí rẹ̀. Ìdí kejì ni ìyípadà ẹ̀sìn: ìwo tí ó ní nǹkan dúdú nínú, oògùn ni onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba wọn fi í gbé ẹ̀tù lásán. Ìdí kẹta ni ìbọn alákátíríìjì, tí ẹ̀tù rẹ̀ ti wà nínú ọta tẹ́lẹ̀, tí kò wá ìwo mọ́. Ẹran tí ó ni ìwo náà pàápàá ti dínkù. Inú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ni òfin ti ń dáàbò bo ẹfọ̀n.

Nítorí náà, èyí tí ó bá kù tọ́ sí àyẹ̀wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwo tí ṣóńṣó rẹ̀ lu, tí igi dí ìdí rẹ̀, tí ó ní okùn èjìká, ẹ̀tù ìbọn ni ó ṣeé ṣe jù kí ó gbé. Ìwo tí ṣóńṣó rẹ̀ pé, tí wọ́n ki nǹkan bọ ẹnu rẹ̀ tí ó fẹ̀, tí wọ́n sì fi òwú tàbí owó ẹyọ dì í, oògùn ni ó ṣeé ṣe jù. Síbẹ̀ ẹ̀rí wọ̀nyí kò parí ọ̀rọ̀. Ìwo kan lè gbé ẹ̀tù lọ́wọ́ baba kí ó sì gbé oògùn lọ́wọ́ ọmọ. Ọdẹ tí ó ń da ẹ̀tù sínú ìbọn rẹ̀ lè máa pe ọ̀rọ̀ sí i bí ó ti ń dà á. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbéèrè pé ‘oògùn ni tàbí ohun ìjà?’ kò ní ìtumọ̀.

8. Ìkádìí

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwo ẹ̀tù Òkè-Ògùn gbà jẹ́ ẹ̀rí. Orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn kò gba ìbọn bí ọmọdé ti ń gba ohun ìṣeré: wọ́n wá ibi tí yóò jókòó sí nínú ìmọ̀ tí wọ́n ti ní. Bí ó ti tóbi tó fi hàn bí ìrètí wọn ti mọ, ní ìparí ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣọ́. Pípẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ sì fi hàn pé ohun tí àwọn kan ń pè ní àṣà àtijọ́ lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òfin tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Kò sí ìwé tí ìlú Òkè-Ògùn kọ sílẹ̀ nípa iye àgbá ẹ̀tù tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé àwọn tí ń ta ẹ̀tù ni ó wà, ní Èkó àti ní òkè òkun, iye tí wọ́n tà ní etíkun ni ó sì mọ̀. Iye tí ó dé ìbàdí ọdẹ kan ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, inú ìwo ni ó wà. Ìwo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sun tàbí tí wọ́n bá kọ ‘oògùn’ sí lára láìṣe àyẹ̀wò, ojú ewé kan ni ó ya kúrò nínú ìwé ìtàn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ọwọ́ ara wọn kọ.